Èémí Ẹ̀rọ

Okùn fà lọ́wọ́ Ṣàngódèyí lẹ́ẹ̀kan. Òun náà fà á padà lẹ́ẹ̀kan. Èyí túmọ̀ sí pé kò séwu nísàlẹ̀, kò séwu lókè. Àlàbí ọmọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ omi Ọ̀jọ́, ó di ẹnu họ́ọ̀sì ńlá kan mú, ó ń fi fa yanrìn bí ẹni ń gbálẹ̀ ilé. Ìhó omi ń rú jáde ní ọ̀gangan ibi tó wà.

“Bàbá, ẹ wo ọmọ yín,” Dáúdà wí láti inú ọkọ̀ kejì. “Ó ń só.”

Àwọn awayanrìn tó wà lórí omi rẹ́rìn-ín. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn, níbi tí ọkùnrin ti ń mú garawa wọ omi lọ pẹ̀lú èémí kan ṣoṣo, ìhó omi kì í ṣe nǹkan iyì. Ẹni tí ìhó bá rú jáde lórí rẹ̀, èémí rẹ̀ ló ń jò. Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” Ṣàngódèyí wí. “Èémí ẹ̀rọ ló ń mí. Kì í tán.”

“Ẹni tí èémí rẹ̀ kì í tán, kí ló wá ń só sí?”

Ṣàngódèyí tún okùn dì mú. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ògúnlànà ló ni ẹ̀rọ náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó ń tún pọ́ǹpù omi ṣe ní Òkokomáíkò, Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Ní ọdún 1987 yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa wúrà tó wà nínú àwọn odò ìlú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti fi ọkọ́ àti igbá wa etí odò tán. Èyí tó kù wà nínú ihò ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi ti bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kò mọ omi. Ògúnlànà ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń fa wúrà láti ìsàlẹ̀ odò, ó gbé e lé orí agbá méjì kó lè léfòó. Ẹ́ńjìnnì orí rẹ̀ ń yí pọ́ǹpù tó ń fa yanrìn àti òkúta gba inú họ́ọ̀sì wá sókè, sínú àpótí gígùn tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Omi á gbá yanrìn lọ, ohun tó bá wúwo á jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, irú èyí tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Afẹ́fẹ́ náà á gba inú rọ́bà tín-ín-rín kan lọ sí ẹnu ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ó wá ku ẹni tó máa wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ògúnlànà fi wá sí etí omi Ọ̀jọ́, láàrin àwọn tó ń wa yanrìn fún típà. Ó béèrè ẹni tó mọ omi jù. Wọ́n ní Ṣàngódèyí ni, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà. Wọ́n ní kó mú àwọn tí Ṣàngódèyí kọ́. Bó ṣe yan Àlàbí àti Dáúdà nìyẹn, ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ṣàngódèyí ní òun kò ní í jẹ́ kí ọmọ òun tẹ̀lé ohun tí òun kò tíì rí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Ọ̀jọ́, lójú òun, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ìjẹ̀ṣà.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá,” Ògúnlànà wí. “Ohun kan ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́. Fíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òpin agbára ẹ̀rọ yìí.” Ó ti so àkísà pupa mọ́ họ́ọ̀sì níbi tí fíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pin sí.

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?” Dáúdà wí. “Ẹnjiníà, ibi tí ìyá mi ti ń fọ aṣọ jìn ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.”

“Ìyá ẹ kì í fa òkúta. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, kò ní í lágbára àti gbé òkúta wá sókè mọ́. Họ́ọ̀sì á dí. Afẹ́fẹ́ tí mò ń rán sí yín náà á rọ.”

“Ọgbọ̀n fíìtì ni Bàbá wa yìí máa ń lọ pẹ̀lú garawa.”

“Kí Bàbá wá fi ẹnu fa òkúta gba inú họ́ọ̀sì, ká wò ó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ṣàngódèyí náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wù ú. Ẹni tó bá mọ ibi tí agbára òun pin, ó rò ó lọ́kàn rẹ̀, èèyàn lè fi ọmọ lé e lọ́wọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ibi tí wọ́n máa ti ṣe é. Ó ki ọ̀pá ọparun bọ omi níbí, ó ki í bọ omi lọ́hùn-ún, títí ó fi rí ibi tí ìsàlẹ̀ ti le, tí omi sì jẹ́ fíìtì mẹ́rìnlá. Ó ní ibẹ̀ ni. Ògúnlànà gé òjé tí apẹja fi ń mú àwọ̀n rì wẹ́wẹ́, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó sì dà á sínú omi níbẹ̀. Bí àpótí bá lè mú òjé, ó ní, á mú wúrà.

Ó sì ń mú un. Ògúnlànà tẹ̀ ba àpótí, ó ń yẹ kápẹ́ẹ̀tì wò, ó sì ń na ohun tó bá rí sókè láàrin ìka méjì.

“Òmíràn rèé, Bàbá.”

“Mo rí i.”

“Tó bá jẹ́ wúrà nìyí ńkọ́?”

“Òjé ni,” Ṣàngódèyí wí, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Koríko ló dé sí wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí koríko tó máa ń léfòó yẹn ti gba ọ̀nà Badagry wọ inú omi wọn, ewé tútù, òdòdó aró, gbòǹgbò gígùn bí irun. Afẹ́fẹ́ á gbá a jọ, á wá bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Wọ́n rí i tó ń bọ̀, wọ́n ń fi àjẹ̀ tì í sẹ́yìn. Èyí tó gba abẹ́ àwọn agbá kọjá ni wọn kò rí. Pọ́ǹpù fà á mu. Ẹ́ńjìnnì ké, ó gbọ̀n, bẹ́líìtì já. Ohun gbogbo dákẹ́.

Ìhó omi dúró.

Ẹ̀rù ba Ògúnlànà. Ó dìde, ó sì fẹ́ bẹ́ sínú omi, òun tí kò lè lúwẹ̀ẹ́. Ṣàngódèyí di apá rẹ̀ mú.

“Jókòó. Ọmọ mi mọ ohun tó máa ṣe.”

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Láti kékeré ni Ṣàngódèyí ti ń kọ́ ọ. Á ní kó jókòó sábẹ́ omi létí ọ̀sà, òun á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì máa wo ojú omi. Bí ìhó bá rú jáde, àbàrá kan á bá ọmọ náà lórí, wọ́n á sì tún un bẹ̀rẹ̀. Dáúdà jẹ nínú àbàrá yẹn, gbogbo àwọn tó kù jẹ níbẹ̀. Òfin kan ni Ṣàngódèyí fi lé wọn lọ́wọ́, òun náà gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: èémí tó o bá mú wọ omi, òun ni kó o mú jáde. Ẹni tó bá tú u sílẹ̀ nísàlẹ̀, omi á gba ipò rẹ̀.

Nítorí náà ó jókòó, ó ń ká okùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú omi. Ìhó kan ṣoṣo kò jáde. Omi tẹ́jú bíi dígí. Ó gbọ́ tí Dáúdà wí jẹ́jẹ́ pé, “Ó sé e.” Orí Ṣàngódèyí wú. Kò sí ẹni tó lè rí ọmọ rẹ̀ fín lónìí.

Àlàbí yọ orí. Ó pa ẹnu dé gbọn-in bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì gbé ojú sókè. Ìgbà tó di ọkọ̀ mú ló tó la ẹnu.

“Ta ló ń só?” ó bi Dáúdà léèrè.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

“Bàámi,” ó wí. “Àyà mi.”

Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ àti ìfófò jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n tu ọkọ̀ dé èbúté, wọ́n gbé e sínú típà kan tó ń dúró de yanrìn. Kí típà tó dé títì márosẹ̀, ó ti kú. Orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Awakọ̀ kò mọ̀, ó ń sáré lọ.

Ìbà ni ilé wọn wà. Àwọn awayanrìn ló sin ín. Ṣàngódèyí àti Adébímpé ìyàwó rẹ̀ jókòó sínú yàrá, nítorí ẹni tó bímọ kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ìró ọkọ́ láti ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n Ṣàngódèyí. Ọmọ́wùmí, ọmọ wọn obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Òkokomáíkò, wá bá wọn jókòó pẹ̀lú oyún nínú. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n bí náà nìyẹn, òun àti Àlàbí.

Ògúnlànà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà, kò dìde.

“N kò kọjá fíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Bàbá.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n.”

“Mo mọ̀. Dìde.”

Adébímpé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń wọ aṣọ funfun lọ sí sọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, tó bá gbé omi ìwẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tán, á dúró díẹ̀.

“Bàbá Ọmọ́wùmí, ibú ló pa ọmọ mi. Ẹ̀rọ yẹn mú un jìn jù.”

“Kò jìn. Ibẹ̀ kò tó ibi tó máa ń lọ lójoojúmọ́.”

“Kí ló wá pa á?”

“N kò mọ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Wàsíù ló jẹ́ kó mọ̀. Sójà orí omi ni Wàsíù tẹ́lẹ̀, lára àwọn tí wọ́n máa ń rán lọ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ní Igbó-Elérin, yanrìn ló sì wá rà ní Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn awayanrìn, ó wá kí Ṣàngódèyí níbi tó jókòó sí létí omi.

“Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó ń bọ̀ lókè, ṣé ìhó omi ń jáde?”

“Rárá o. Ó sé èémí rẹ̀. Kò tú ẹyọ kan sílẹ̀.”

Wàsíù yọ fìlà.

“Kí ló dé?” Ṣàngódèyí bi í.

“Kò sí nǹkan, Bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

“Wàsíù. Mo ti sin ín. Sọ ọ́.”

Wàsíù jókòó sórí yanrìn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó ní omi máa ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra. Àwọn awayanrìn ń mí afẹ́fẹ́ lókè, wọ́n ń gbé e lọ sísàlẹ̀, omi á fún un, tí wọ́n bá sì ti ń padà bọ̀ lókè, á tún padà sí bó ṣe wà. Kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n sé e.

“Ti ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Ìsàlẹ̀ ló ti mí ti ẹ̀rọ, Bàbá. Omi ti fún un kó tó wọ inú rẹ̀, ó sì kún àyà rẹ̀. Bó ṣe ń gòkè, omi ń tú ọwọ́ lára afẹ́fẹ́ náà, ó ń fẹ̀. Ó yẹ kó máa tú u sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá sé e, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á fẹ̀ títí á fi ya.”

“Fíìtì mẹ́rìnlá péré ni.”

“Mẹ́rìnlá tó o. Ibi tó kéré sí i náà tó.”

Ṣàngódèyí ń wo omi. Típà kan ń kó yanrìn lẹ́yìn wọn.

“Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ omi, Bàbá?” Wàsíù béèrè. Bó ti béèrè tán ló rí ojú ọkùnrin náà, ó sì fẹ́ kí òun má béèrè.

“Èmi ni,” Ṣàngódèyí wí.

Ó padà sí Ìbà lálẹ́, ó jẹun, ó sùn. Ní àárọ̀, Adébímpé gbé omi ìwẹ̀ wá, ó ní, “Kí ló pa á?” Ṣàngódèyí ní, “N kò mọ̀.” Ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sọ bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo ju garawa yanrìn lọ. Kò wọ omi mọ́. Ó ń jókòó sétí omi, ó ń fi ọkọ́ kó yanrìn sínú típà pẹ̀lú àwọn tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dá, Dáúdà wá sílé ní àárọ̀ kan. Ó wọ bàtà, ó gbé báàgì dání. Ògúnlànà ń dúró dè é lójú títì nínú pikọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ra bẹ́líìtì tuntun, wọ́n ti fi wáyà ṣe àgò sí ẹnu pọ́ǹpù kí koríko má baà wọlé mọ́. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń lọ.

“Bàbá, mo ní kí ẹ gbàdúrà fún mi,” Dáúdà wí. Ó kúnlẹ̀.

Ṣàngódèyí kò mọ̀ pé ìrìn àjò náà ti tó báyìí. Ó wo ọmọkùnrin náà. Ọrùn rẹ̀ nípọn, àyà rẹ̀ gbòòrò, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ.

“Jẹ́ ká bọ́ síta,” ó wí.

“Ẹ ṣe é níbí,” Adébímpé wí láti orí àga rẹ̀. “Wọn ò jẹ́ kí n gbàdúrà fún tèmi kó tó wọ omi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àmín fún ti ẹlòmíràn.”

Ṣàngódèyí dúró. Pikọ́ọ̀pù fun fèrè lójú títì.

“Dáúdà,” ó wí. “Tó o bá ń mí èémí ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ bá kú, má sé e.”

“Bàbá?”

“Bó o bá ń gòkè bọ̀, la ẹnu, máa tú u sílẹ̀. Máa fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná. Kí ìhó máa jáde títí wàá fi yọ orí. Tí wọ́n bá ní o ń só, jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní...” Dáúdà wí.

“Èmi ni. Ti omi wa nìyẹn. Ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Sọ ohun tí mo ní kó o ṣe, kí n gbọ́.”

“Kí n máa tú u sílẹ̀. Bí ẹni ń fẹ́ iná.”

“Tún un sọ.”

Dáúdà tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ṣàngódèyí gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà kúkúrú. Adébímpé kò ṣe àmín.

“Dáúdà,” ó wí. “Kí ni Bàbá ti kọ́ yín tẹ́lẹ̀?”

“Màmá, wọ́n ń dúró dè mí.”

“Mo mọ̀. Kí ló kọ́ yín?”

Dáúdà ń wo ilẹ̀.

“Mo ní kí wọ́n má tú u sílẹ̀,” Ṣàngódèyí wí. “Àlàbí kò sì tú u sílẹ̀. Máa lọ, Dáúdà. Ọlọ́run á sìn yín dé ibẹ̀.”

Nígbà tí ìró pikọ́ọ̀pù ti lọ tán, Adébímpé ká ọwọ́ sórí itan.

“Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí Wàsíù, sójà orí omi, ti wá bá mi létí omi.”

“Ojoojúmọ́ ni mò ń bi yín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó mi orí. Kò sunkún, kò gbé ohùn sókè. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ dáná, ó gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú omi ìfọwọ́, bó ṣe máa ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀. Ṣàngódèyí ń retí ìbéèrè náà. Ó rí i pé òun tún ń fẹ́ ẹ.

Ọmọ́wùmí bí ọmọkùnrin. Adébímpé di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ ní Òkokomáíkò. Gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá bímọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó bi í ní ìgbà tó máa dé. Ọkọ rẹ̀ bá a gbé ẹrù dé ibi tí ọkọ̀ máa ti gbé e.

“Bá mi kí wọn,” Ṣàngódèyí wí.

“Wọ́n á gbọ́,” ó dáhùn.

Ọmọ náà jókòó, ó hu eyín, ó rìn. Ọmọ́wùmí rán ìyá rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀kan pé Bàbá ń dá gbé. Adébímpé ní ọmọ ṣì kéré.

Ní ọdún kejì, Dáúdà dé láti Ìjẹ̀ṣà. Ó ti tóbi sí i, ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará ibẹ̀. Ó ní wọ́n rí wúrà, kò pọ̀. Ó ní ẹ̀rọ kú mọ́ òun lórí lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ṣàngódèyí kò sì bi í. Ó wo yíká yàrá, ó ní, “Màmá ńkọ́?”

“Ó lọ wẹ ọmọ,” Ṣàngódèyí wí.

Nínú ilé Ìbà, ẹnì kan ló kù.